Yíyan Iná Fúlórẹ́sẹ́ǹtì fún Táǹkì Iyùn Inú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé táǹkì omi iyọ̀ kalẹ̀ nínú ilé wọn, ìbáà jẹ́ ní London, ní Houston tàbí ní Èkó, máa ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí nígbà tó bá ku ọ̀rọ̀ iná. Iyùn alààyè là ń sọ, ìyẹn ẹranko òkun tó ń dàgbà lórí àpáta, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti dán, tí wọ́n sì ti sín sí okùn. Ọ̀pá fúlórẹ́sẹ́ǹtì ni àwọn ìdáhùn náà dá lé, iná LED á sì wọ ọ̀rọ̀ níbi tó bá ti kàn án.

Kí nìdí tí iná fi jẹ́ ọ̀ràn ńlá fún iyùn, nígbà tí ẹja lè gbé lábẹ́ gílóòbù èyíkéyìí?

Ẹja ń fi ìmọ́lẹ̀ ríran ni. Iyùn ń fi í jẹun. Nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ iyùn tí à ń sìn nílé ni àwọn ewédò kan ń gbé, wọ́n sì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà gẹ́gẹ́ bí ewé igi ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ń fún iyùn tó gbà wọ́n sílé ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, débi pé nínú omi òkun tó mọ́ gaara, ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá lè tó ìdá 90 nínú 100 agbára tí iyùn ń lò. Iyùn náà ń fi ẹ̀gbin ara rẹ̀ san án padà, nítorí pé ajílẹ̀ nìyẹn jẹ́ fún ewédò.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, iyùn kì í kú lójijì. Á máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, á máa kéré, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣú. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ra iná tí kò tó tètè fura sí iná. Omi ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi.

Ṣé iye ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo iyùn ń fẹ́?

Rárá o, ibí gan-an ló sì yẹ kí yíyan iná ti bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni PAR, tó ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò, èyí tó wà láàárín 400 sí 700 nanometer (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), tó ń bọ́ sí ojú ibi kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ọ̀sán gangan ní ilẹ̀ olóoru máa ń súnmọ́ 2,000 lójú òkun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nílò bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Àwọn iyùn rírọ̀ tí kò ní egungun òkúta, bíi Xenia àti Sarcophyton, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn bíi Zoanthus àti Discosoma, ń gbé dáadáa níbi tí PAR bá wà láàárín 50 sí 100. Àwọn tó ní egungun òkúta tí ẹnu wọn sì tóbi, bíi Euphyllia àti Caulastrea, ń fẹ́ bíi 80 sí 150. Àwọn tí ẹnu wọn kéré bí ojú abẹ́rẹ́, pàápàá Acropora, ló ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ jù láàárín wọn: 200 sí 350 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn wọ́n ń lépa, Montipora sì lè gba ohun tó dín díẹ̀ sí ìyẹn. Tridacna, ẹ̀dá òkun oníkarahun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń tò mọ́ iyùn, wà ní ìpele Acropora.

Àwọn kan tún wà tí kò bìkítà fún iná rárá. Tubastraea tó ní àwọ̀ bí ọsàn kò ní ewédò nínú ara; ẹnu ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyùn pupa ti òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n fi ń ṣe iyùn ọrùn àwọn ọba wa: inú òkùnkùn ihò àpáta àti ibi jíjìn ló ń gbé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ ohun tó fẹ́ sìn.

Ṣé oòrùn ojú fèrèsé kò tó?

Ó tó fún ẹnì kan rí. Lee Chin Eng, tó ń gbé ní Jakarta ní Indonesia, kọ̀wé ní ọdún 1961 nípa bó ṣe ń fi àpáta alààyè, atẹ́gùn àti oòrùn tọ́jú ẹ̀dá òkun nínú ilé. Ṣùgbọ́n Jakarta wà nítòsí agbedeméjì ayé, òkun tí iyùn rẹ̀ ti wá kò sì jìnnà sí i. Ojúmọmọ ìdajì kejì oṣù Kejìlá ní London kì í pé wákàtí mẹ́jọ, ìkùukùu ló sì sábà máa ń bo èyí tó wà. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, oòrùn tó gba fèrèsé wọlé á mú omi gbóná kọjá ohun tí iyùn lè fara dà kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó tó.

Kí ni ìyàtọ̀ T12, T8 àti T5?

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé T ń sọ bí ọ̀pá ṣe sanra tó, tí wọ́n bá pín íǹṣì kan sí mẹ́jọ. T12 sanra tó íǹṣì kan ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 38; T8 jẹ́ íǹṣì kan, bíi mìlímítà 26; T5 kò ju mìlímítà 16 lọ. Ọ̀pá T5 tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè gba orí táǹkì kan, ó sì rọrùn láti fi irin dídán yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀.

T8 ṣì wúlò fún táǹkì tí kò jìn, tó sì jẹ́ pé iyùn rírọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. T12 lásán kò yẹ mọ́. Oríṣi rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní VHO, tí ọ̀pá ẹsẹ̀-bàtà mẹ́rin rẹ̀ ń jẹ wáàtì 110, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan rí, kí T5 tó dé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta tàlòkù rẹ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ máa rí ọ̀pá tuntun rà sí i. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n ká padà bíi lẹ́tà U náà wà, wọ́n ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ apá kan máa ń bọ́ sára apá kejì, ìyẹn sì jẹ́ àdánù. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún táǹkì iyùn, T5 ni màá mú.

Mo rí T5 méjì tí gígùn wọn dọ́gba, ọ̀kan jẹ́ wáàtì 28, èkejì jẹ́ wáàtì 54. Ṣé wọ́n lè wọ ibi kan náà?

Wọ́n máa wọ họ́dà kan náà, ohun tó sì ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà gan-an nìyẹn. Oríṣi T5 méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì láti dín owó iná kù ni wáàtì 28. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára, tí wọ́n ń kọ HO sí lára, ni wáàtì 54. Ṣóòkù tó ń darí iná wọ inú wọn yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá ki ọ̀pá 28 sí ibi tí wọ́n ṣe fún 54, á tàn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ jó.

Táǹkì iyùn ń fẹ́ HO. Àwọn ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀: wáàtì 24 fún bí ẹsẹ̀-bàtà méjì, 39 fún mẹ́ta, 54 fún mẹ́rin, 80 fún márùn-ún. Kí ẹ tó san owó, ẹ yí ọ̀pá náà dé ibi irin etí rẹ̀, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, F54T5 ni ẹ máa rí, tí HO á sì tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ F28T5, ẹ dá a padà.

Wọ́n sọ fún mi pé wáàtì mẹ́rin fún gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló yẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìṣirò àtijọ́ ni, ó sì ti kọjá àsìkò rẹ̀. Wáàtì ń sọ iye iná mànàmáná tí ọ̀pá ń jẹ, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó dé orí iyùn. Táǹkì méjì lè gba omi kan náà, kí ọ̀kan fẹjú kó sì rẹlẹ̀, kí èkejì tóóró kó sì ga, iyùn tó wà nísàlẹ̀ èyí tó ga kò sì ní rí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń rí. Gálọ́ọ̀nù pàápàá kò dọ́gba: ti Amẹ́ríkà kò pé lítà mẹ́rin, ti Bìrìtìkó sì lé ní lítà mẹ́rin ààbọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀pá wáàtì 54 tí irin dídán tó dára yí ká lè fún iyùn ní ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọ̀pá méjì tí wọ́n kàn gbé kọ́ sábẹ́ páànù funfun.

Ṣé irin dídán yẹn ṣe pàtàkì tó báyìí?

Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ọ̀pá fúnra rẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń ta iná olówó pọ́ọ́kú kọ́kọ́ máa ń fi ṣe ahun. Ọ̀pá fúlórẹ́sẹ́ǹtì ń tan ìmọ́lẹ̀ yíká ara rẹ̀. Èyí tó lọ sókè àti sí ẹ̀gbẹ́ ju ìdajì lọ, ó sì ṣègbé àfi bí ohun kan bá dá a padà sínú omi. Bí ohun tó dá a padà bá jẹ́ páànù pẹrẹsẹ tí ọ̀pá mẹ́fà jọ ń lò, apá kan ìmọ́lẹ̀ náà á tún padà bọ́ sára ọ̀pá tó ti wá tàbí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì parẹ́ síbẹ̀.

Èyí tó dára ni kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀, alumíníọ̀mù dídán bíi dígí tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ lókè ọ̀pá. Ó rọrùn láti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù láìtan iná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí wọ́n bá tẹ irin náà dáadáa, ẹ máa rí àwòrán ọ̀pá kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú irin, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Bí ẹ bá rí ojú funfun lásán tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń sanwó iná tí kò ní dé ọ̀dọ̀ iyùn.

Iyọ̀ ni ọ̀tá irin yìí. Omi tó ń ta pàrà sókè máa ń gbẹ síbẹ̀, á di èépá funfun tó rí ṣákaṣàka lára irin, lára ọ̀pá, àti lára gíláàsì ìdérí bó bá wà. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ yọ iná kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rì sínú omi tí kò níyọ̀ nù ún. Ẹ má lo ọṣẹ tàbí oògùn tí wọ́n fi ń nu gíláàsì fèrèsé, nítorí pé ohun tó bá kán sínú omi kò ṣeé kó.

Kí ni 6,500 K, 10,000 K àti 20,000 K tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pá?

Kelvin ni wọ́n fi ń sọ bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe rí sí ojú ènìyàn. 6,500 jẹ́ funfun bí ojúmọmọ, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ nínú lójú ẹni tó ti mọ táǹkì iyùn lára. 10,000 funfun gan-an. 14,000 ti ń yí sí búlúù. 20,000 jẹ́ búlúù. Ohun tí nọ́ńbà yìí kò sọ ni bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá méjì tí wọ́n kọ 10,000 sí lára lè yàtọ̀ síra bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá yàtọ̀.

Ìdí tí búlúù fi gba ipò iwájú ni pé omi òkun ń gbé àwọ̀ pupa mì kíákíá. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá fi máa wọlé dé mítà mẹ́wàá, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, búlúù ló ṣẹ́kù fún iyùn, ewédò inú rẹ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀pá búlúù méjì ni ẹ máa bá pàdé lọ́jà. Ọ̀kan ń tàn ní nǹkan bíi 420 nanometer, ó ṣú, ó fẹ́ dàbí elésè-àlùkò, ojú ènìyàn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní actinic. Èkejì ń tàn ní nǹkan bíi 460, ó mọ́lẹ̀ sí ojú, PAR rẹ̀ sì dára. Èyí kejì ni kó pọ̀ jù nínú táǹkì yín.

Búlúù náà ló ń mú kí iyùn tàn yòò bí ẹni pé iná wà nínú ara rẹ̀. Púrótéènì kan nínú ara iyùn ń gba búlúù, ó sì ń tu ú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ewé tàbí pupa. Irú púrótéènì bẹ́ẹ̀ tí Osamu Shimomura kọ́kọ́ rí lára ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀ bí ògì tútù ní ọdún 1962 wà lára ohun tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi bó ṣe ń tàn yòò ṣe ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ tó. Iyùn tí ebi ń pa náà lè máa tàn lábẹ́ actinic.

Táǹkì mi gùn ní ẹsẹ̀-bàtà mẹ́rin, ó fẹ̀ ní íǹṣì 18, ó sì ga ní íǹṣì 21. Ọ̀pá mélòó ni kí n fi sí i?

Èyí ni táǹkì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 75 gálọ́ọ̀nù, ó sì wọ́pọ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ iyùn rírọ̀ àti Euphyllia nìkan ni, ọ̀pá mẹ́rin oníwáàtì 54 tí irin dídán wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé Acropora díẹ̀ sí òkè àpáta, ẹ lọ sí mẹ́fà. Mẹ́jọ wà fún ẹni tó fẹ́ kí Acropora gba gbogbo táǹkì dé ìsàlẹ̀, èmi kì í sì gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó lè fi mẹ́jọ tọ́jú iyùn ni ọwọ́ tó lè fi jó wọn.

Fún ọ̀pá mẹ́fà, ẹ lè fi mẹ́ta ṣe búlúù 460, kí méjì jẹ́ funfun láàárín 10,000 sí 12,000 K, kí ọ̀kan tó kù jẹ́ elésè-àlùkò tó ní pupa díẹ̀ nínú, kí àwọ̀ pupa ẹja àti iyùn má bàa rí bí eérú. Fún mẹ́rin, búlúù méjì, funfun kan, elésè-àlùkò kan. Ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ òkun jíjìn lè fi actinic kan rọ́pò funfun kan, kó kàn mọ̀ pé PAR á dín kù. Ẹ tò wọ́n ní àdàlù, búlúù kan, funfun kan, kí apá kan táǹkì má baà ṣú ju apá kejì lọ.

Ní ti gíga, ẹ gbé iná kọ́ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sókè ojú omi. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ á máa dà sílẹ̀ yàrá; bó bá rẹlẹ̀ jù, iyọ̀ á ta bá a, ooru rẹ̀ á sì wọ omi.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye PAR tó wà níbi kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń rì sínú omi láti fi wọ̀n ọ́; ti ilé-iṣẹ́ Apogee ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ó wọ́n, kò sì sí ìdí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ rà á fún ìlò ọjọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó, àwọn ẹgbẹ́ asìnyùn àti àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń yá ènìyàn tàbí kí wọ́n fi háyà. Ẹ wọn òkè àpáta, àárín àti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Foonu alágbèéká kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lábẹ́ iná búlúù, nítorí pé bí ojú ènìyàn ṣe ń rí ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀.

Wákàtí mélòó ni kí iná máa tàn lójúmọ́?

Wákàtí 8 sí 10 fún gbogbo ọ̀pá tó. Àwọn ọ̀pá búlúù lè ṣíwájú ní wákàtí kan, kí wọ́n sì gbẹ̀yìn ní wákàtí kan. Ẹ lo táímà, kí ẹ má fi ọwọ́ tan án, nítorí pé iyùn ń fẹ́ àsìkò tó dúró sójú kan. Fífi wákàtí kún un kò lè rọ́pò ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára; ewédò orí gíláàsì ló ń jèrè irú rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra iná tó lágbára, iyùn mi sì ń funfun. Ṣé àìsàn ni?

Ó jọ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn ewédò inú iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń ba ara iyùn jẹ́, iyùn á sì tu wọ́n jáde láti gba ara rẹ̀ là. Funfun tí ẹ̀ ń rí ni egungun rẹ̀ tó hàn lábẹ́ ẹran tí kò ní àwọ̀ mọ́. Kò tíì kú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti tán nílé.

Ẹ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ tàbí sí òjìji, kí ẹ gbé iná sókè sí i, tàbí kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì fèrèsé oníke lé orí táǹkì ní ìpele méjì-mẹ́ta, kí ẹ máa yọ ìpele kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún lè bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí mẹ́rin lójúmọ́. Iyùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé náà, ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ ni iyùn tó ń ṣú di àwọ̀ ilẹ̀, tó sì ń na ara sókè tẹ́ẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Euphyllia tó ká ọwọ́ rẹ̀ wọlé ní ọ̀sán gangan, tó sì nà án dáadáa nígbà tí ó ku búlúù nìkan ní ìrọ̀lẹ́, ń sọ fún yín pé ibi tó wà ti mọ́lẹ̀ jù.

Ọ̀pá mi ṣì ń tàn. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Nítorí pé ojú yín kò rí ohun tó ti sọnù. Inú ọ̀pá, mẹ́kúrì ń tu ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, ìyẹfun funfun tó wà lára gíláàsì sì ń yí i padà sí àwọ̀ tí ẹ rà. Ìyẹfun yìí máa ń rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà á sì máa yí padà. T5 tó ní ṣóòkù rere máa ń sin yín fún oṣù 9 sí 12. T8 àti VHO kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bírò kọ oṣù tí ẹ fi í síbẹ̀ sára irin etí ọ̀pá. Bí etí rẹ̀ bá ti dúdú, ó ti kọjá àsìkò.

Ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀pá mẹ́fà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà lè jó iyùn bí iná tuntun ṣe ń ṣe. Ọ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì ló dára.

Ṣé ooru iná fúlórẹ́sẹ́ǹtì kò ní pa iyùn?

Kò gbóná tó metal halide, ìyẹn gílóòbù alágbára kan tí àwọn asìnyùn náà ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀pá mẹ́fà jẹ́ wáàtì 324, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń di ooru. Ẹ pa omi mọ́ sí 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ojú omi máa ń tù ú lára, omi á sì máa gbẹ nítorí rẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni ẹ máa fi dí i, torí pé iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. T5 fúnra rẹ̀ ń tàn jù nígbà tí atẹ́gùn àyíká rẹ̀ bá wà ní bíi 35, nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí fáànù kọjú sí ọ̀pá tààrà débi tí á fi tutù.

Mo fẹ́ fi iná tí mo rà ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí Èkó. Ṣé á ṣiṣẹ́?

Ọ̀pá á ṣiṣẹ́. Ṣóòkù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, tiwa jẹ́ 230. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ṣóòkù: bí wọ́n bá kọ 120–277 síbẹ̀, kò séwu; bó bá jẹ́ 120 nìkan, á jó lọ́jọ́ tí ẹ bá tàn án, àfi tí transifọ́mà bá wà. Iná tí wọ́n ṣe fún Bìrìtìkó kò ní ìṣòro yìí. Ẹ yan ṣóòkù ẹlẹ́kítíróníìkì dípò ti irin wíwúwo tó ń lo sítátà, nítorí pé ti irin máa ń kùn, ọ̀pá rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́jú.

Ẹ ṣírò ínfátà náà kí ẹ tó rà á. Ọ̀pá mẹ́fà fún wákàtí mẹ́wàá jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 3.24 lójúmọ́, láìka ẹ̀rọ tó ń yí omi. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń yí omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bátìrì gbé. Iyùn lè fara da òkùnkùn ọjọ́ méjì. Kò lè fara da wákàtí díẹ̀ tí omi fi dúró sójú kan láìsí atẹ́gùn.

Ibi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ jẹ́ kí wáyà iná rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sókẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ sókẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí LED ti gba ìgboro, ṣé ó tún yẹ kí n ra fúlórẹ́sẹ́ǹtì?

Ohun tí T5 fi ju LED lọ ni bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ́ káàkiri. Orísun rẹ̀ gùn tó táǹkì, nítorí náà abẹ́ ẹ̀ka Acropora pàápàá ń rí ìmọ́lẹ̀, nígbà tí LED kan ṣoṣo máa ń sọ òjìji dúdú sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń da méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n LED kò nílò ọ̀pá tuntun lọ́dọọdún, owó iná rẹ̀ kéré, ẹ sì lè dín in kù tàbí kí ẹ fi kún un bó ṣe wù yín.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló wá ń le. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kò ti gba T5 àti T8 tuntun ti ilé àti ọ́fíìsì láyè lọ́jà mọ́. Ní òpin ọdún yẹn kan náà ní Geneva, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà wà lára wọn, pinnu pé kí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe ọ̀pá fúlórẹ́sẹ́ǹtì ti ìlò gbogboogbò àti kíkó o láti ìlú dé ìlú dúró, tí yóò fi di 2027. Òfin fún ọ̀pá àkànṣe bíi ti táǹkì iyùn yàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe ṣóòkù àti gíláàsì méjèèjì, bí ọjà ńlá bá sì ti kú, ti kékeré kì í pẹ́ wọ́n.

Ìmọ̀ràn mi ni pé, bí ẹ bá rí iná T5 tó dára ní owó tó rọjú, tí ọ̀pá ọdún méjì sì wà nílẹ̀ fún un, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ọ̀pá tuntun á gbà dé ọ̀dọ̀ yín ni ẹrù ọkọ̀ òfurufú lọ́dọọdún, ẹ ra LED.

Ọ̀pá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ kó ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jáde, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí ẹ̀rọ agbálẹ̀ gbá a. Bébà líle ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ fi téépù fa ìyẹfun tó kù, kí ẹ dì gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Bí àfọ́kù bá wọ inú táǹkì, ẹ mú un jáde, ẹ pààrọ̀ omi tó pọ̀, kí ẹ sì fi èédú asẹ́mi sínú omi. Ọ̀pá tó ti parí iṣẹ́ láìfọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ garawa ìdọ̀tí: ní Bìrìtìkó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń gba ìdọ̀tí olóró ń gbà á, inú páálí tí tuntun bá dé ló sì yẹ kó wà títí tí ẹ máa fi gbé e débẹ̀.